Pound: ọ̀rọ̀ kan ni àbí mẹ́ta? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbà mí

Àdùkẹ́Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù kẹta rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Houston, ọ̀rọ̀ kan sì fẹ́ yí mi lórí. Lánàá mo pe iléeṣẹ́ kan lórí fóònù. Kò sí èèyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń dáni lóhùn. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mi, kí n wá tẹ "pound" lé e. Mo tẹ nọ́ńbà tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá pound. Mo wo ojú fóònù láti òkè délẹ̀, mi ò rí àmì owó ìlú ọba. Mo lọ mú gíláàsì mi, mo tún wò ó, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń wí pé òun ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó wí i lẹ́ẹ̀kan, ó wí i lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ó pa fóònù dé mọ́ mi létí. Ìgbà tí ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ilé ìwé dé ló na ìka sí #. Ó ní, "Màmá àgbà, pound nìyí."

Mo ní báwo? Àbúrò mi tó wà ní London, pound ló ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹran ewúrẹ́ tí à ń rà níbí, pound ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí a bá ń gún iyán, òyìnbó ní à ń pound rẹ̀. Mọ́tò tó bá dúró síbi tí kò yẹ, inú pound ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Kí ló tún wá gbé # dé ibẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ rí nǹkan fi dá ọmọ yẹn lóhùn, nítorí ẹ̀rín ló ń fi mí rín látàná.

ỌmọBódìjà

Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, náírà ni #. Ẹ wo pátákó tí mo gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù mi: "ṢÁÀJÌ FÓÒNÙ #200". Kò tíì sí kọ́sítọ́mà kan tó bi mí pé kí ni. Àmì náírà ò sí lórí fóònù tí mo ń lò, ìlà méjì sì ló dá N náírà bú. # náà ní ìlà méjì. Ó parí.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ẹ kú ìjókòó o. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Màmá Houston, ọ̀rọ̀ kan kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà wọlé, aṣọ kan náà ni wọ́n wá wọ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ á tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì fi nọ́ńbà sí wọn lórí kí èèyàn má baà pè wọ́n ní ọmọ ìyá.

Ti òṣùwọ̀n àti ti owó, ọ̀kan náà nìyẹn. Àwọn ará Róòmù ló ni ín. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní libra, tó tó nǹkan bíi gíráàmù 327. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan wọn libra kan, "libra pondo" ni wọ́n ń wí. Pondo yìí kò ju "ní ìwọ̀n" lọ. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan, pendere, tó túmọ̀ sí pé ká gbé nǹkan kọ́ sórí ìwọ̀n, ló ti jáde. Àwọn ẹ̀yà Jámánì tó ń bá wọn ṣòwò gbọ́ gbólóhùn náà, wọ́n mú ìdajì tó kẹ́yìn, wọ́n fi ti ìwájú sílẹ̀. Ó di Pfund lẹ́nu àwọn ará Jámánì, ó di pond lẹ́nu àwọn ará Họ́láǹdì, ó di pund lẹ́nu àwọn tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́.

Àmọ́ libra tí wọ́n fi sílẹ̀ kò lọ sílé. Bí wọ́n bá ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n ń kọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí lb lára àpò ìrẹsì: ẹnu ń pe pound, ọwọ́ ń kọ libra. £ tí ẹ ń wá lójú fóònù yẹn, L inú libra ni, wọ́n kàn fa ìlà dá a bú.

Ẹ wá wo #. Àwọn akọ̀wé máa ń fa ìlà kan sórí lb kó lè hàn pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrú ni: ℔. Ẹni tó bá ń kọ èyí nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, tí oníbàárà sì dúró tì í lórí, kò ní pẹ́ tí l àti b náà á fi di ìlà méjì tó nàró, tí ti orí wọn náà á di méjì tó dábùú. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ gbà pé # ti wá. Ní Amẹ́ríkà, tí ẹ bá rí i níwájú òǹkà, "nọ́ńbà" ló ń jẹ́; tó bá wà lẹ́yìn òǹkà, ìwọ̀n ni. #5, nọ́ńbà karùn-ún. 5#, pound márùn-ún. Ní ti fóònù, àwọn alátẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde níbẹ̀ ní 1963, bọ́tìnnì mẹ́wàá péré ni wọ́n ní. 1968 ni * àti # bá wọn dé ibẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ọmọ yín ò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un kí n tó lọ wẹ̀. Pension tí à ń retí, ìdílé pendere kan náà ló ti wá, nítorí wíwọ̀n ni wọ́n máa ń wọn owó fúnni láyé ìgbà yẹn. Ó jọ pé tèmi ṣì wà lórí ìwọ̀n.

ÌyáÌbejì_Peckham

Tíṣà, Ọlọ́run á jẹ́ kó kúrò lórí ìwọ̀n o 😂

Màmá, ká ní London lẹ wà ni, "hash" ni ẹ̀rọ á ní kẹ́ ẹ tẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe # ní pound níbí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tójú mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbé kọ̀ǹpútà àgbéká wá fún mi láti Amẹ́ríkà. Lórí kọ̀ǹpútà ti ibí, tí ẹ bá di Shift mú tí ẹ tẹ 3, £ ló máa jáde. Lórí ti Amẹ́ríkà, # ni. Mi ò mọ̀. Mo kọ lẹ́tà sí onílé mi ní kíákíá pé mo ti san owó ilé, mo fi ránṣẹ́ láìwò ó. Ọkùnrin náà dá a padà, ó ní òun rí nọ́ńbà, òun ò rí owó.

Ìwọ̀n yẹn náà ò tíì kúrò lára àwọn èèyàn ibí. Nígbà tí mo bí ìbejì mi, kílò ni nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé. Àmọ́ gbogbo òyìnbó tó wá kí mi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹnu wọn ni "pound mélòó?" Àfìgbà tí mo lọ há a sórí: Táíwò pound márùn-ún àti ounce mẹ́ta, Kẹ́hìndé pound márùn-ún àti ounce mẹ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá sì dé Rye Lane, ẹ máa rí tòmátì, ata àti máńgòrò nínú abọ́ tí wọ́n tò kalẹ̀, "pound a bowl!" ni ẹlẹ́rù ń ké. Owó ló ń wí o, kì í ṣe ìwọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti wọn tòmátì náà ni.

BàbáOnísílè

Gbogbo ẹ ń pe pound bíi nǹkan òkèèrè. Owó tiwa ni. Títí ọdún 1972 fi parí, pọ́n-ùn là ń ná ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà gba ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kà á fún ẹ̀yin ọmọdé. Kọ́bọ̀ méjìlá, sílè kan. Ogún sílè, pọ́n-ùn kan. Ẹ ṣe é pọ̀, òjìlúgba kọ́bọ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Kọ́bọ̀ ìgbà yẹn ni mò ń wí, èyí tí òyìnbó ń pè ní penny, kì í ṣe èyí tó dé lẹ́yìn náírà. Tọ́rọ́ ni kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì ni kọ́bọ̀ mẹ́fà, éépìnnì ni ààbọ̀ kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe fújà, ẹ ó dárúkọ gínì, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti sílè kan.

Nígbà tí náírà dé, wọ́n ní méjì ni pọ́n-ùn kan. Ìyá mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta kò gbà. Kì í ṣe pé kò gba owó náà lọ́wọ́ oníbàárà o! Orúkọ rẹ̀ ni kò gbà. Náírà kan lójú tirẹ̀, sílè mẹ́wàá ni. Ẹ fún un ní ogún náírà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ká a, á sọ fún ọmọ tó dúró tì í pé, "Pọ́n-ùn mẹ́wàá ti bàbá yẹn rèé." Bó ṣe ń pè é nìyẹn títí tó fi lọ sọ́run.

Ẹ sì má rò pé ó ti tán. Tí ìyá arúgbó bá ní "àpò márùn-ún" fún yín lọ́jà, ẹgbẹ̀rún kan náírà ló ń wí. Àpò kan, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, igba náírà. Pọ́n-ùn ló ń kà.

ỌmọBódìjà

Háà. Bàbá, ẹ ti ṣí mi lójú. Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé "kí wọ́n fún mi ní àpò kan péré". Ìgbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àpò ìrẹsì ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ní ojúkòkòrò màmá yìí pọ̀.

TíṣàFẹ̀yìntì

Bàbá, ẹ kú àdúrótì. Òjìlúgba tẹ́ ẹ kà yẹn ni ìdí abájọ. Owó fàdákà nìkan ló wà níbẹ̀rẹ̀: wọ́n á wọn fàdákà pound kan, wọ́n á sì rọ penny 240 jáde nínú rẹ̀. Láyé ọba kan tó ń jẹ́ Charlemagne, kó tó di ọdún 800, ni ètò yìí ti fìdí múlẹ̀ ní Yúróòpù, ibẹ̀ ló sì gbà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "pound kan" nígbà yẹn, ìwọ̀n ló ń dárúkọ. Owó kàn ń jẹ́ orúkọ ìwọ̀n títí orúkọ fi mọ́ ọn lára. Àwọn fúnra wọn ò yọwọ́ nínú òjìlúgba títí di ọjọ́ 15 oṣù kejì 1971, tí wọ́n sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún.

Ní ti gínì, etíkun tiwa níbí, Guinea, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni wúrà tí wọ́n fi rọ ọ́ ní 1663 ti wá. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ará Íjíbítì, tí owó tiwọn ń jẹ́ pound ní gẹ̀ẹ́sì títí dòní, "gineh" ni wọ́n ń pè é ní Lárúbáwá. Gínì Bàbá Onísílè nìyẹn.

Alágbẹ̀dẹWúrà

Ẹ dúró díẹ̀. Àlọ́ kan rèé tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi dán ọmọ iṣẹ́ wò. Pound wúrà kan àti pound ìyẹ́ adìyẹ kan, èwo ló wúwo jù?

ỌmọBódìjà

Wúrà!

ÌyáÌbejì_Peckham

Wọ́n dọ́gba. Pound ni pound. Àwọn ọmọ mi ti fi èyí mú mi rí.

Alágbẹ̀dẹWúrà

Ẹ̀yin méjèèjì kùnà. Ìyẹ́ adìyẹ ló wúwo jù.

Òṣùwọ̀n wúrà àti fàdákà yàtọ̀, troy là ń pè é. Ounce méjìlá ló wà nínú pound troy, ó sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 373. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran, ìrẹsì àti ìyẹ́, ounce mẹ́rìndínlógún ló ní, nǹkan bíi gíráàmù 454. Àmọ́ tí mo bá ní ounce wúrà kan àti ounce ìyẹ́ kan ńkọ́? Wúrà ló wúwo: gíráàmù 31.1 sí 28.35. Èyí ló ń mú ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́kún. Lónìí, ounce nìkan là ń dá lórí wúrà, pound rẹ̀ ti kúrò ńlẹ̀.

Àdùkẹ́Houston

Ẹ ti wá fi kún wàhálà mi ni o. Mo ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́Kan

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fọwọ́ kan iyán. Ṣé ìwọ̀n náà ló bí "pounded yam" ni? Mo gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé nítorí pé nǹkan tó wúwo la fi ń gún un ni.

TíṣàFẹ̀yìntì

Rárá o, ọmọ mi. Ẹni tó sọ fún ẹ gbìyànjú, ṣùgbọ́n àròsọ ni. Pound ti gígún kò mọ ti ìwọ̀n rí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òun, pūnian ló ń jẹ́ láyé àtijọ́: kí á lu nǹkan títí á fi kúnná. Wò ó dáadáa, kò sí d lẹ́yìn rẹ̀. D yẹn, ẹnu ló fi kún un nígbà tó yá. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí "sound" tó jẹ́ ariwo. "Son" làwọn Faransé fi lé wọn lọ́wọ́, d fò lé e lẹ́yìn. Ká ní d yìí ò wọlé ni, "pun" tàbí nǹkan tó jọ ọ́ là bá máa pè é, kò bá sì má bá ti owó forí gbárí rárá.

ÈkìtìKete

Ẹ ti dárúkọ iyán, mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ohun kan ń bí mi nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ ń ra ìyẹ̀fun kan nínú páálí, ẹ ń pè é ní "poundo". Ta ló gún un? Omi gbígbóná lẹ bù sí ìkòkò, ẹ da ìyẹ̀fun sí i, ẹ fi ọmọrogùn rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Orúkọ iyán ló ń jẹ́, odó ò fojú kàn án rí. Iyán tí à ń wí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí iṣu má baà ta jáde, ọmọ odó á kọ́kọ́ máa rìn káàkiri inú odó láti fọ́ kókó. Ìgbà tó bá ti dì mọ́ra lẹ ó tó wá gbé e sókè, ìró rẹ̀ á sì yí padà. Ẹni tó wà nínú yàrá á mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Ìyá mi kì í wo inú odó láti mọ̀ bóyá ó ti kúnná. Etí ló fi ń gbọ́ ọ.

Tíṣà, ẹ bá mi wá orúkọ míì fún ti inú páálí yẹn.

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Èkìtì, ẹ máa bọ̀ wá gún un fún wa ní fúláàtì àjà kẹta, ká wo bóyá àwọn ará ìsàlẹ̀ ò ní pe ọlọ́pàá.

DẹrẹbàÀgbà

Ẹ̀ ń fi pound ṣeré. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá wọ pound rí ló mọ̀ ọ́n.

Mo gbé bọ́ọ̀sì mi dúró, mo sọ̀ kalẹ̀ láti ra àkàrà. Àkàrà! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo padà, mi ò bá bọ́ọ̀sì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní wọ́n ti "impound" rẹ̀. Ó tó ọjọ́ kọkànlá kí n tó rówó gbà á. Inú ọgbà gbàràmù kan báyìí, koríko ti ga dé fèrèsé mọ́tò, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá adìyẹ kan tó ń sàba lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹyin méje. Mo sanwó ìtanràn, mo sanwó wíwọ́, mo tún sanwó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi sùn níbẹ̀. Tíṣà, pound tèmi yìí, èwo ni? Mo mọ̀ pé ó jẹ mọ́ owó.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ẹ pẹ̀lẹ́, Dẹrẹbà. Kò jẹ mọ́ owó o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé owó yín ló jẹ.

Ẹ̀kẹta nìyẹn. Ọgbà ló túmọ̀ sí, èyí tí wọ́n sé mọ́. Àwọn ará abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní ọgbà kan tí wọ́n ń kó ẹran tó bá ń jẹ káàkiri sí. Tí màlúù yín bá wọ oko olóko, ibẹ̀ lẹ ó ti lọ rà á padà. "Impound" kò ju kí á fi nǹkan sínú ọgbà yẹn lọ. Ohun tí wọ́n ṣe sí màlúù ni wọ́n ṣe sí bọ́ọ̀sì yín, pẹ̀lú owó ìtanràn àti gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ní àbúrò kan tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa: "pond". Pípè ló ya wọ́n. Omi tí wọ́n sé mọ́, tí kò rí ibi ṣàn lọ, ni pond níbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló máa ń ṣe é.

BàbáOnísílè

Òótọ́ ni. Kánsù ìlú kan wà tó máa ń kó ewúrẹ́ wa báyìí láyé àtijọ́. Sílè méjì lórí ewúrẹ́ kan. Ìyá mi ní kàkà kóun san án, kí wọ́n máa bọ́ ọ lọ. Ọjọ́ kẹta, àwọn fúnra wọn ló dá a sílẹ̀, nítorí ewúrẹ́ náà ò jẹ́ kí akọ̀wé wọn sùn lọ́sàn-án.

Akẹ́kọ̀ọ́Kan

Ó yé mi wàyí! Nítorí náà "compound" tí à ń gbé, agbo ilé, inú pound ti ọgbà yìí ló ti wá. Com + pound. Ọgbà tí gbogbo wa jọ wà.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ó mà dùn mọ́ ẹ lẹ́nu o! Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kọ́ńpáùn tí à ń gbé, ọ̀nà tó jìn ló ti dé. Àwọn Malay ní Éṣíà ń pe abúlé tàbí àkójọ ilé ní kampung. Àwọn Potogí àti àwọn ará Họ́láǹdì tó ń ṣòwò lọ́hùn-ún gbọ́ ọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbọ́ ọ. Ohun tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn onímọ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ti ní "compound" kan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó jẹ́ pé kí á po nǹkan pọ̀, tó wá láti inú Látìnì. Wọ́n kúkú fi kampung bọ inú ẹ̀wù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá sílẹ̀ Áfíríkà, tí bàbá bàbá rẹ fi ń sọ pé "ẹ gbálẹ̀ kọ́ńpáùn".

ÈkìtìKete

Malay! Ta ló ránṣẹ́ sí wọn?

ỌmọBódìjà

Mo ti rí i. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, ìyẹn ni wọ́n fi ń lo ọ̀kan fún nǹkan mẹ́rin. Àwa ní ohùn. Tí ohùn bá ti yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ wo ọkọ, ẹ wo ọk...

ÌyáÌbejì_Peckham

Jọ̀wọ́, má tún mú ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ wá. Gbogbo èèyàn tó bá ti fẹ́ yin Yorùbá ni wọ́n ń gbé e jáde.

"Gún" ńkọ́? À ń gún iyán. Ọ̀bẹ gún un. Ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí èbúté. Kábíyèsí gúnwà. Ìlà tí a fà gún régé. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn, òkè. Bùrọ̀dá Bódìjà, ọ̀rọ̀ kan ni àbí mẹ́fà?

ỌmọBódìjà

...

Ẹ jẹ́ kí n dá kọ́sítọ́mà kan lóhùn, mò ń bọ̀.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ó sá lọ 😀

Ìbéèrè yẹn dára jù gbogbo èyí tá a ti ń bọ̀ lọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Gún ti iyán, ti ọ̀bẹ àti ti ẹ̀gún, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kan ni: nǹkan kan ń fi orí sọ nǹkan míì. Gúnlẹ̀ náà, imú ọkọ̀ ló kan ilẹ̀, mo lè gbà á wọlé. Gúnwà ńkọ́? Gún régé ńkọ́? Ẹnì kan á ní ohun tó dúró ṣinṣin bí ọ̀kọ̀ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ ni. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni com + pound ṣe dùn.

Ibi tí òyìnbó ti jù wá lọ rèé: wọ́n ní ìwé. Pund àti pūnian wà lákọsílẹ̀ láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó jọra. Ẹni tó bá ń jiyàn, wọ́n á ṣí ìwé lé e lójú. Tiwa, ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Crowther ṣe kọ́kọ́ jáde. Bí gún méjì bá ti para pọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti jọra tán kí Crowther tó mú gègé. Ohun tó kù fún wa ni pé ká lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Èkìtì, ní Oǹdó, ní Ìjẹ̀bú, ká tún lọ sọ́dọ̀ àwọn ará wa bí Ìṣẹ́kírì àti Ígálà. Tí ìlú kan bá wà tí wọ́n ti ń fi ohùn kan pe ti iyán, tí wọ́n sì ń fi òmíràn pe ti régé, a ti mú wọn nìyẹn.

ÈkìtìKete

Mo ti pe ìyá mi. Ó ní gún ni gún, kí n jẹ́ kóun ráyè.

Ẹlẹ́jaOkeÒgùn

Ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà yín bọ̀ láìsọ̀rọ̀. Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún èyí sọ fún mi. Ṣé ẹ ní pond àti pound ti mọ́tò, ọ̀kan náà ni wọ́n?

TíṣàFẹ̀yìntì

Ọ̀kan náà ni níbẹ̀rẹ̀. Ọgbà. Ọ̀kan sé ẹran mọ́, èkejì sé omi mọ́.

Ẹlẹ́jaOkeÒgùn

Háà, ẹ ṣeun sà! Ẹ fún mi ní ìsinmi. Ọdún méjì sẹ́yìn tí mo gbẹ́ kòtò ẹja àrọ̀ mi, mo gbé iṣẹ́ fún ọmọ kan pé kó kọ pátákó fún mi. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, àwọ̀ pupa lórí funfun: FISH POUND. Mi ò mọ̀ pé ó yàtọ̀, mo sanwó, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá kàwé tó bá ń kọjá ló ń yà wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Pásítọ̀ wa gan-an rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ní kí n lọ pa U yẹn rẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà, ọ̀dà ò tiẹ̀ sí lọ́wọ́ mi. Mo máa ka ọ̀rọ̀ yín yìí sí gbogbo wọn létí.

TíṣàFẹ̀yìntì

Ẹ rọra o. Pond ni wọ́n ń kọ lónìí. Tó bá jẹ́ kíláàsì mi ni, mo máa gé yín ní máàkì.

DẹrẹbàÀgbà

Tíṣà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹja rẹ̀ náà wà ní àtìmọ́lé bíi bọ́ọ̀sì mi.

Àdùkẹ́Houston

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ka ti # fún ọmọ náà. Ó ní òun ò mọ̀ pé lb ni, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé "hashtag" ló ń jẹ́. A tún ń bá a bọ̀ lọ́la.

Mo pe iléeṣẹ́ yẹn láàárọ̀ yìí. Mo tẹ nọ́ńbà, mo tẹ # gbọn-in. Ẹ̀rọ ní òun dúpẹ́, pé èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà níwájú mi.

Ẹlẹ́jaOkeÒgùn

Mo gbàgbé láti sọ èyí tó jù. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé yà lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wo pátákó náà, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Bàbá, èló ni pound kan?" Mo tà á fún un. Kílò ni mo fi wọ̀n ọ́n.